Ohun Tí Ó Ń Pa Bátìrì Ọkọ̀ Háíbíríìdì àti Bí Ẹ̀mí Rẹ̀ Ṣe Lè Gùn

Ọ̀nà Ekenwan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òpópónà ńlá tí ó ti àárín ìlú Bìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ojú ọ̀nà yìí ni ọgbà Ekehuan ti Yunifásítì ìlú Bìní wà, àwọn ilé ìtajà àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sì wà káàkiri agbègbè rẹ̀. Ní irú àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ẹni tí ó ra ọkọ̀ háíbíríìdì tòkunbọ̀ kì í fẹ́ gbọ́: "Bátìrì rẹ̀ ti kú." Gbólóhùn náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n owó tí ó ń bá a rìn lè kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà ní oṣù mélòó kan. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbólóhùn náà kì í sábà jẹ́ òótọ́ tán. Bátìrì ọkọ̀ háíbíríìdì kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó, tí yóò sì fa ìyókù lulẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ yóò mọ ohun tí ó lè ṣe kí ó má tètè ṣẹlẹ̀, yóò sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi mẹkáníìkì kí ó tó tọwọ́ bọ àpò.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lásìkò yìí. Títí di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà kan ti kọjá 480 náírà. Ọkọ̀ tí kì í jẹ epo púpọ̀ wá di ohun tí olówó àti mẹ̀kúnnù jọ ń fojú wá. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni pé owó epo tí ènìyàn tọ́jú fún ọdún mẹ́ta lè bá bátìrì kan ṣoṣo lọ bí kò bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ háíbíríìdì, agbára méjì ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀: ẹ́ńjìnnì tí ń jó epo, àti ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná. (Mọ́tò ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe èkejì yìí, ṣùgbọ́n nítorí pé odindi ọkọ̀ ni Yorùbá ń pè ní mọ́tò, ẹ̀rọ oníná ni a óò máa pè é níbí.) Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ẹ̀rọ oníná ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń sáré, ẹ́ńjìnnì yóò gba iṣẹ́ náà tàbí kí àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹ̀rọ oníná yóò di jẹnẹrétọ̀: ipá tí ìbá ṣòfò sí ooru lára bíréèkì yóò di iná, bátìrì yóò sì gbà á pamọ́ di ìgbà tí ọkọ̀ bá tún fẹ́ gbéra. Nípa báyìí, ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró tí ó ń lọ, tí ó ń dúró tí ó ń lọ, ni háíbíríìdì ti ń fi epo pamọ́ jù lọ. Ibẹ̀ náà ni bátìrì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Ilé-iṣẹ́ Toyota ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ yìí lọ́pọ̀ yanturu fún títà. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Prius jáde ní Japan. Ó dé ọjà Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ọdún 2000. Highlander, Lexus RX 400h àti Camry oníháíbíríìdì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tí a ń rí lójú pópó wa ni wọ́n ti lò fún ọdún púpọ̀ ní òkè òkun kí wọ́n tó gba èbúté Èkó tàbí ti Kútọnu wọlé. Bátìrì tí ó wà nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ọdún 2007 ti dàgbà kí ẹni tí ó rà á ní Bìní tó fojú kàn án rárá.

Bátìrì méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ háíbíríìdì, àìmọ ìyàtọ̀ láàárín wọn sì ń ná ènìyàn lówó. Ìkíní ni bátìrì kékeré onífóòtì 12, irú èyí tí ó wà nínú gbogbo ọkọ̀. Olójé àti ásíìdì ni, ìran èyí tí Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1859. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ó tan iná, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Èkejì ni bátìrì ńlá tí ń bá ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀, òun ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti Prius ìran kejì, èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 2003 sí 2009, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Inú àpótí irin kan lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì náà wà. Bí a bá ṣí àpótí yìí, a óò rí ìdì 28 tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìwé lórí pẹpẹ. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń pèsè fóòtì 1.2. Ìdì kan jẹ́ fóòtì 7.2, ìdì 28 wá jẹ́ fóòtì 201.6 láti inú yàrá 168. Ti Camry ọdún 2007 ní ìdì 34, fóòtì rẹ̀ sì jẹ́ 244.8. Irú bátìrì yìí ni a ń pè ní nickel-metal hydride: èròjà nickel wà ní ẹ̀gbẹ́ kan yàrá, àdàlù irin tí ń fa háídírójìn mọ́ra wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, omi potassium hydroxide sì wà láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tuntun ti ń lo lithium, irú èyí tí ó wà nínú fóònù wa, ṣùgbọ́n nickel ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, bí a sì ṣe ń tọ́jú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í jẹ́ kí bátìrì náà kún dẹ́nu, kì í sì í jẹ́ kí ó gbẹ. Nǹkan bí ìdá 40 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń fi sí. Ìdí tí bátìrì kan fi lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyí, nígbà tí bátìrì fóònù, tí àwa fúnra wa ń lò gbẹ tí a sì ń rọ kún, kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Kí ni ó wá ń ṣe é? Gbogbo yàrá 168 náà ni a so pọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: iná tí ó bá jáde lára ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú gbogbo ìyókù kọjá. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn alágbàṣe níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìnnì rí yóò mọ bí ó ṣe rí. Wọn á tò láti ilẹ̀ dé orí àkàbà, wọn á sì máa na páànù kankéré sí ara wọn. Kò sí ẹni tí ó lè yára ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè ní òun fẹ́ sinmi. Bí ó bá rẹ ẹnìkan láàárín wọn, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò mọ̀. Wọn yóò máa ti páànù lé e lọ́wọ́ ni títí yóò fi ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yàrá tí ó bá gbó nínú bátìrì. Yóò tètè kún ju àwọn yòókù lọ nígbà tí iná bá ń wọlé, yóò sì tètè tán nígbà tí iná bá ń jáde. Nígbà tí tirẹ̀ bá tán, tí àwọn yòókù ṣì ní, tipátipá ni wọn yóò máa fi ti iná gba inú rẹ̀, tí orí rere rẹ̀ yóò fi di orí òdì. Lẹ́yìn irú èyí, yàrá náà kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ooru rẹ̀ yóò sì máa ran àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí àwọn náà yóò fi tẹ̀ lé e.

Kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ àwọn ìdì yìí ní méjì méjì. Nígbà tí ó bá rí i pé ìyàtọ̀ láàárín wọn ti pọ̀ jù, yóò tan àmì onígun mẹ́ta pupa sí dáṣíbọọ̀dù, yóò sì kọ àmì P0A80 sínú ìrántí rẹ̀. Ìtumọ̀ àmì náà ni pé kí a pààrọ̀ bátìrì. Ṣùgbọ́n kò sọ iye ìdì tí ó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú 28.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì forí jì wá bí a bá dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "kú" kò fi àyè sílẹ̀ fún ìwọ̀nba: nǹkan kú tàbí kò kú. Bí a bá ti sọ pé bátìrì kú, ohun tí ó kù ni kí a ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá ọ̀ràn yìí mu jù. Bátìrì lè "lọ sílẹ̀": iná inú rẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n bí a bá fi iná sí i yóò padà bọ̀ sípò. Ó lè "gbó": ó ṣì ń gba iná, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè gbà kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Yàrá kan nínú rẹ̀ sì lè kú ní tòótọ́. Ipò mẹ́ta ni ìwọ̀nyí, owó tí a ó ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì dọ́gba. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá méjèèjì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú èkíní ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti èkejì ní 1990, gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n dáwọ́ lé. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti ọdún 1970, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ó yẹ kí a lè fi ṣàlàyé ohun tí ó ṣe ọkọ̀ ẹni fún ẹni tí ó ni ín. "Lọ sílẹ̀", "gbó" àti "kú" ni a óò máa fi ìyàtọ̀ sí láti ibí lọ.

Ọ̀tá bátìrì tí ó burú jù lọ ni ooru. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní òdiwọ̀n kan tí kò péye dé góńgó ṣùgbọ́n tí ó wúlò: bí ìwọ̀n ooru bá fi 10 lọ sókè lórí òṣùwọ̀n Celsius, eré tí ọ̀pọ̀ ìyípadà kẹ́míkà ń sá yóò di ìlọ́po méjì. Ìyípadà tí ń mú bátìrì gbó wà lára wọn. Ooru ń ba awẹ́ tín-ínrín tí ó pààlà sáàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yàrá jẹ́, ó sì ń mú kí gáàsì pọ̀ nínú yàrá títí yóò fi gba ibi tí wọ́n ṣe fún un jáde, tí omi inú rẹ̀ yóò fi máa dínkù. Ní Bìní, nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán a máa dé 33 tàbí 35. Inú ọkọ̀ tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé nínú oòrùn a sì máa kọjá 50. Àwọn ìdì tí ó wà ní àárín ni ó máa ń gbóná jù, nítorí pé àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ní ibi tí wọn yóò tú ooru wọn sí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àárín ni bátìrì Prius ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà mọ èyí, wọ́n sì fi fáànù kan sí i láti máa fẹ́ atẹ́gùn sí bátìrì. Ibi tí fáànù náà ti ń fa atẹ́gùn ni ó yẹ kí gbogbo onílé ọkọ̀ mọ̀: inú ọkọ̀ gan-an ni, níbi tí àwa pẹ̀lú jókòó sí. Nínú Prius, ihò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún. Nínú Camry ti ọdún 2007, orí pẹpẹ tí ó wà lẹ́yìn orí àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn ni, lábẹ́ gíláàsì. Ẹ wo ohun tí a máa ń kó sí orí pẹpẹ yìí: kúṣìn, fìlà, ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, páálí ìnujú. Ẹ sì wo ohun tí a máa ń rọ́ sórí ìjókòó ẹ̀yìn lọ́jọ́ ọjà. Àpò gàrí kan tí ó bá dí ihò náà láti Bìní dé Ìbàdàn lè fi ooru bu ẹ̀mí bátìrì náà kù ju oṣù púpọ̀ tí a fi wà á lọ ibi iṣẹ́ lọ.

Eruku ni ọ̀tá kejì tí ó bá èkíní dòwò. Ní àkókò ọyẹ́, eruku a máa wọ inú fáànù náà, òwú aṣọ àti irun yóò sì bá a lẹ̀ mọ́ ọn títí yóò fi nípọn bí aṣọ òfì. Fáànù yóò máa ké, atẹ́gùn kò sì ní í kọjá. Ó yẹ kí a máa tú fáànù yìí fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́ fún àpẹẹrẹ, kí a sì máa fi ẹ̀rọ afagbọ̀n fa eruku ẹnu ihò rẹ̀ nígbà gbogbo. Owó iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí, bí ẹ bá fẹ́ di ọ̀kan ṣoṣo mú, èyí ni kí ẹ dì mú.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀. Nítorí owó epo, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti sọ ọ́ di àṣà láti pa á, kí wọ́n ṣí gíláàsì, kí wọ́n sì máa fi aṣọ nu òógùn. Nínú ọkọ̀ olẹ́ńjìnnì nìkan, ọgbọ́n ni èyí. Nínú háíbíríìdì, atẹ́gùn tí ó bá gbóná mọ́ wa lára ni fáànù yóò fẹ́ sí bátìrì, eruku ọ̀nà yóò sì bá a wọlé. Epo díẹ̀ tí a tọ́jú yóò di gbèsè lọ́rùn bátìrì. Bí owó kò bá tó láti lo ẹ̀rọ náà jálẹ̀jálẹ̀, ó kéré tán kí a lò ó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán gangan àti nígbà tí a bá ń gun òkè gígùn. Kí a sì ṣí gíláàsì fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kí ooru àkójọ tú jáde nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ tí ó ti dúró sínú oòrùn. Ibòji igi kò náni ní nǹkan kan.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ekenwan, àṣà kan wà tí àwọn awakọ̀ olójú-ọ̀nà kó wá láti ara ọkọ̀ àtijọ́: wọn yóò fi jíà sí N títí tí ọkọ̀ iwájú yóò fi ṣí. Nínú háíbíríìdì ti Toyota, bí jíà bá wà ní N, ẹ́ńjìnnì kò lè fi iná sí bátìrì bí ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bátìrì yóò máa bọ́ iná ọkọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti rédíò, ohunkóhun kò sì ní í wọlé. Kí a fi jíà sí D kí a sì tẹ bíréèkì, tàbí kí a fi sí P bí ìdúró náà yóò bá pẹ́.

Ìlà epo burú ju èyí lọ. Nígbà ọ̀wọ́ngógó epo, a máa ń rí ẹni tí epo ti gbẹ nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó ń fi bátìrì nìkan rá pálá lọ sí ẹnu ẹ̀rọ epo, tí inú rẹ̀ sì ń dùn pé ọkọ̀ òun ní ọgbọ́n. Ohun tí kọ̀ǹpútà ti ń yẹra fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ni ó ń ṣe yẹn: ó ń lo bátìrì lọ sí gbígbẹ. Yàrá tí ó bá ti gbó ṣáájú ni yóò kọ́kọ́ tán, òun sì ni àwọn yòókù yóò fi ipá kọjá lára rẹ̀. Bí bátìrì ńlá bá gbẹ tán, ẹ́ńjìnnì pàápàá kò ní í ṣí mọ́ bí a tilẹ̀ rọ epo kún inú táńkì, nítorí pé bátìrì ńlá ni ó ń ṣí i. Kí epo má lọ sílẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì lọ ni ìlànà tí a lè tẹ̀ lé láìsí wàhálà.

Àìlò náà ń pa bátìrì. Bátìrì nickel a máa pàdánù iná inú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jókòó láìṣe nǹkan kan, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní bí tirẹ̀ ṣe ń yára sí. Nígbà tí àkókò bá pẹ́, ìyàtọ̀ láàárín wọn yóò ti fẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. Ọkọ̀ háíbíríìdì tí ó bá fi oṣù mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ dúró lábẹ́ igi mángòrò nítorí pé kò sí owó oṣù láti fi ra epo, olúwa rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ retí pé bí ó ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò ṣe bá a. Bí ọkọ̀ kò bá ní í rìn, kí a ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kí àmì READY hàn, kí a sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí a bá wà á yípo àdúgbò, ó tún dára jù.

Ọ̀rinrin ìlú Bìní ní iṣẹ́ tirẹ̀. Páálí bàbà kéékèèké ni ó so àwọn ìdì pọ̀ mọ́ra, bàbà a sì máa bu àwọ̀ ewé nínú ọ̀rinrin, pàápàá bí omi yàrá kan bá ń jò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìsopọ̀ bá ti bàjẹ́, kọ̀ǹpútà yóò ka fóòtì tí kò péye, yóò sì kéde pé bátìrì ń ṣàìsàn. Ó ṣẹlẹ̀ rí pé ìdì kankan kò bàjẹ́. Kí a tú páálí bàbà wọ̀nyí, kí a fọ̀ wọ́n, kí a sì tún wọn dì ni gbogbo ohun tí ó kù. Àkúnya omi, tí apá kan ọ̀nà Ekenwan àti agbègbè rẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà òjò, jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Bátìrì Highlander wà lábẹ́ ìjókòó; omi tí ó bá wọ inú ọkọ̀ kò jìnnà sí i. Ọkọ̀ tí omi bá wọ̀ dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí i títí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

A ti mẹ́nu bà á pé bátìrì méjì ni ó wà. Nígbà tí bátìrì onífóòtì 12 bá lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní í jí dáadáa, oríṣiríṣi àmì yóò sì tàn sí dáṣíbọọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà bí ìlú tí iná sọ. Ọkọ̀ kò ní í ṣí. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní bátìrì ńlá ti kú. Kí a kọ́kọ́ wọn bátìrì kékeré yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣe. Nínú Prius ìran kejì, inú búùtù ni ó wà, ní apá ọ̀tún. Bí a bá sì fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn ta á jí, kí a ṣọ́ra kí a má fi wáyà rere sí ojú òdì, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti jó ohun tí owó rẹ̀ lé ní ti bátìrì. Ínfátà ọkọ̀ náà, tí ń yí iná bátìrì padà fún ẹ̀rọ oníná, lè bàjẹ́, kí ẹ̀bi sì dà lé bátìrì lórí.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ìdì kan tàbí méjì ti kú lóòótọ́, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ yóò yọ wọ́n, wọn yóò sì fi òmíràn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ àlòkù sí i. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì rọrùn lówó. Ṣùgbọ́n ìdì 26 tí ó kù ti gbó pẹ̀lú, agbára wọn kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn àlejò. Ìyàtọ̀ tí ó pa ti àkọ́kọ́ ti tún wọlé. Bí oníṣẹ́ kò bá fi ẹ̀rọ wọn agbára gbogbo ìdì, kí ó sì rọ iná kún wọn títí wọn yóò fi dọ́gba, òmíràn yóò bàjẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, ọkọ̀ yóò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lójú tiwa, irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tí ó fẹ́ ra àkókò díẹ̀ kí ó fi kó owó jọ. Kì í ṣe ohun tí a lè torí rẹ̀ pe ọkọ̀ ní tuntun fún ẹni tí ó ń bọ̀ wá rà á.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àdábọwọ́. Iná ilé wa jẹ́ fóòtì 230, a sì mọ ohun tí ó lè ṣe fún ènìyàn. Bátìrì Prius jẹ́ 201.6, ínfátà rẹ̀ sì ń gbé e dé 500. Wáyà aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi ń gbé iná yìí kiri inú ọkọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè dá a mọ̀. Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ pa ọkọ̀, kí ó tú bátìrì kékeré, kí ó fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó tó iṣẹ́ náà yọ páálọ́ọ̀gì ààbò tí ó wà lára bátìrì ńlá, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tí ó fara pamọ́ sínú ínfátà lè tán. Pàápàá lẹ́yìn náà, iná ṣì wà nínú àpótí bátìrì fúnra rẹ̀, nítorí pé àwọn ìdì ṣì so mọ́ra wọn. Mẹkáníìkì tí ó bá fẹ́ ṣí i láìní ìbọ̀wọ́, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀mí tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó mú oníṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò dání. Kí wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì wà á dé ibi tí ó ti ní òkè díẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n dúró sójú kan. Ẹ̀rọ náà yóò fi fóòtì gbogbo ìdì hàn ní méjì méjì. Bí gbogbo wọn bá ń lọ sókè tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, bátìrì náà ṣì ní ẹ̀mí. Bí ọ̀kan bá ń já wálẹ̀ kíákíá nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè, tí ó sì ń fò sókè ju àwọn yòókù lọ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, yàrá kan ti gbó níbẹ̀, kí a sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀. Àmì P0A80 nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé ẹni tí ń ta ọkọ̀ lè ti pa á rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó máa ń gba kìlómítà díẹ̀ kí ó tó padà yọjú.

Bí bátìrì ńlá bá sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, kí a má jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí a má sì dáná sun ún. Omi inú rẹ̀ ń jó ènìyàn lára, nickel inú rẹ̀ kò sì yẹ kí ó dé inú kànga. Àwọn tí ń ra àlòkù bátìrì nínú ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, bí irú èyí tí ó wà ní Uwelu ní ìlú Bìní, mọ iye tí nickel náà tó. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ta á béèrè fún iye àwọn ìdì tí ó ṣì dára nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá owó lé e.